Lọ́yà tó ń gbèjà ẹni tí ọlọ́pàá mú, ṣé ó yẹ ká fi í ṣe mínísítà ọlọ́pàá?

Ìbéèrè òǹkàwé:

Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ bá mi dá sí i. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú lánàá. Ó ní ẹni tó bá ti fi ogún ọdún gbèjà àwọn tí ọlọ́pàá mú, kò gbọdọ̀ di mínísítà tí yóò máa pàṣẹ fún ọlọ́pàá láéláé, pé àánú ọ̀daràn ni yóò máa ṣe é. Mo ní irọ́ ni. Ló bá ní kí n dárúkọ ẹyọ ẹnìkan ṣoṣo tó ṣe é tí ìlú rẹ̀ kò bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Mo wá rántí pé ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó gbé Málítà máa ń dárúkọ lọ́yà kan. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ọkùnrin yẹn, kí ló sì ṣe gan-an?

* * *

Guido de Marco ni, àbúrò mi.

Ẹni tó bá ń ka Bíbélì ti pàdé Málítà rí. Òun ni erékùṣù tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù fọ́ sí nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 28, níbi tí paramọ́lẹ̀ ti so mọ́ ọn lọ́wọ́ tí ohunkóhun kò sì ṣe é. Ó wà lórí òkun láàárín Ítálì àti Líbíà. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju kìlómítà 316 níbùú lóòró lọ. Ìbàdàn pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ mọ́kọ̀ọ̀kànlá tóbi jù ú lọ fíìfíì. Ìlú tí bó o bá sín ní òpin kan, ẹni tó wà ní òpin kejì á kí ọ. Mo gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Bàbá arúgbó kan ni mò ń tọ́jú ní Bormla, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, níbi tóun fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì.

De Marco, inú Valletta tó jẹ́ olú-ìlú ni wọ́n bí i sí, ọjọ́ 22 oṣù keje 1931. Ó gba oyè lọ́yà ní 1955. Láàárín 1964 sí 1966, ìjọba ló ń ṣe lọ́yà fún. Ẹ fi èyí pamọ́ sọ́kàn, nítorí ó ti jókòó sí apá méjèèjì tábìlì kóòtù kó tó di pé ẹnikẹ́ni pè é ní mínísítà. Ní 1966 wọ́n dìbò yàn án sílé aṣòfin lábẹ́ ẹgbẹ́ Partit Nazzjonalista, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1999. Kó tó di mínísítà, ó tún ń gba ẹjọ́ rò, ó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òfin ìwà ọ̀daràn ní yunifásítì. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé ní oṣù karùn-ún 1987, ó di igbákejì olórí ìjọba, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ abẹ́lé àti ìdájọ́ lé e lọ́wọ́. Abẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni ọlọ́pàá wà.

Ó dáa, ọ̀rẹ́ rẹ ti rí ẹyọ ẹnìkan.

* * *

Àwọn mélòó kan ti fèsì, ohùn kan náà sì ni púpọ̀ nínú wọn fi sọ̀rọ̀: pé lọ́yà tó ń gbèjà olè ò lè kórìíra olè. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń wá. Ẹni tí wọ́n fọ́ ilé rẹ̀, tó wá rí ẹni tó fura sí tó ń rẹ́rìn-ín jáde ní kóòtù, kò lè fẹ́ràn lọ́yà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe olè ni lọ́yà ń gbèjà, ẹni tí wọ́n pè ní olè ni. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé wíìgì funfun dé orí ní ilẹ̀ wa: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí ní Málítà nígbà tí ẹgbẹ́ Labour, alátakò Partit Nazzjonalista, ń ṣèjọba, kí ẹ lè mọ irú ọlọ́pàá tí a ń sọ. Ní 1980, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Nardu Debono, wọ àtìmọ́lé ọlọ́pàá lóòyè, òkú rẹ̀ ni wọ́n rí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá 1986, àwọn kan yìnbọn lu ilé ẹgbẹ́ Partit Nazzjonalista ní abúlé Gudja, ọta ba Raymond Caruana, ọmọ ọdún 26, ó kú. Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá fi lọ sí oko ọkùnrin kan ní Safi, Pietru Pawl Busuttil, wọ́n ní àwọn rí ìbọn níbẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án. Ọmọ ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tó kú ni Busuttil! Ẹ gbọ́ ná: wọ́n ní ó lọ pa ará ilé ara rẹ̀. Nígbà tí kóòtù tú u palẹ̀, ó hàn pé ńṣe ni wọ́n lọ gbé ìbọn síbẹ̀ láti kóbá a, wọ́n sì dá a sílẹ̀.

Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ta ni ẹ fẹ́ fi ṣe olórí ọlọ́pàá? Ẹni tí kò dé yàrá àtìmọ́lé rí? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti jókòó ti afurasí ní òru, tó ti rí ọgbẹ́ lára rẹ̀, tó ti ka ìwé tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí, tó mọ ibi tí irọ́ wà nínú ìwé náà, òun ló mọ ibi tí òrùlé ti ń jò.

* * *

Ẹnìkan ní: "Ṣé gbogbo lọ́yà ni wọ́n dáa báyìí ni?" Rárá o. Lọ́yà ni Karmenu Mifsud Bonnici tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà tí wọ́n fẹ́ kóbá Busuttil. Lọ́yà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni tirẹ̀. Lọ́yà náà ni Eddie Fenech Adami tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlú lọ́yà ni Málítà, ibi tí ẹ bá ju òkúta sí, ilé lọ́yà ló máa bà. Nítorí náà kì í ṣe ìwé ẹ̀rí lórí ògiri ni mò ń yìn. Irú ẹjọ́ tí ènìyàn fi ọdún rẹ̀ rò ni mò ń wò, àti ẹni tó jókòó tì í nígbà tó ń rò ó.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan béèrè ohun tó ṣe gan-an lórí ipò, pé ká yé yin ènìyàn lásán. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jàre.

Èyí tó wúwo jù lójú tèmi: Málítà ti fọwọ́ sí àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Yúróòpù láti 1966, ṣùgbọ́n inú àpótí ló wà. Ẹni tí wọ́n lù ní àgọ́ ọlọ́pàá kò lè gbé e jáde níwájú adájọ́ ilẹ̀ rẹ̀ kó ní ẹ wò ó, ẹ̀tọ́ mi rèé. Ní 1987, ọdún kan náà tí wọ́n gbàjọba, wọ́n sọ ọ́ di òfin ilẹ̀. Láti ìgbà yẹn, èèyàn lásán lè gbé ìjọba lọ sí kóòtù lórí rẹ̀. Ẹ tún wo ẹni tó gbé òfin yìí kalẹ̀: mínísítà tí ọlọ́pàá wà lábẹ́ rẹ̀. Okùn tí wọ́n lè fi so òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ ló fi lé ará ìlú lọ́wọ́.

Ó tún dá ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ wọ aṣọ yẹn kọ́kọ́ kọ́ òfin kó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ ènìyàn.

Ní ti ohun tí kò ṣe, ibẹ̀ ni ìjà wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé ní ọjọ́ kejì ìdìbò, gbogbo ọlọ́pàá tó lù wọ́n, gbogbo ọmọọ̀ta tó sun ilé wọn, ẹ̀wọ̀n ló kàn. Ìjọba Fenech Adami ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé kí ìlú parí ìjà. Wọn ò lé àwọn ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́gọọgọ́rùn-ún. Ẹjọ́ Debono dé ilé ẹjọ́ o; ní 1993 kóòtù jù Lawrence Pullicino, kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá àtijọ́, sẹ́wọ̀n ọdún 15. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ mìíràn pọ̀ tí kò débì kan. Àwọn ilé kan wà ní Málítà títí dòní tí wọ́n ń dúró de ìdájọ́ tí kò dé.

Mo yọwọ́ kúrò lẹ́yìn de Marco àti ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ lọ́yà ni pé kí ìjà parí nínú yàrá, kí ọ̀tún àti òsì bọ ara wọn lọ́wọ́. Ó dára fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ogún. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀, ìyá tó sin ọmọ kò sí nínú yàrá tí wọ́n ti bọ ara wọn lọ́wọ́.

* * *

Ẹ̀gbọ́n náà padà dé pẹ̀lú agídí: "Tí wọ́n bá lé gbogbo wọn dànù ńkọ́? Ṣebí ó tọ́ sí wọn." Ẹ jẹ́ ká ronú sí i bí ará ìlú náà ṣe ronú sí i. Ìdìbò 1981, Partit Nazzjonalista ní ìdá 50.9 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, síbẹ̀ ẹgbẹ́ Labour ló kó ìjókòó 34, àwọn kó 31. Ẹni tó ní ìbò jù kò wọlé! Nítorí bí wọ́n ṣe pín ẹkùn ìdìbò ni. Ìbínú ọdún márùn-ún gbáko. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1987 ni ẹgbẹ́ méjèèjì tó gbà láti tún òfin ilẹ̀ ṣe, pé ẹni tó bá ní ju ìdajì ìbò lọ, a ó fi ìjókòó kún tirẹ̀ títí yóò fi pọ̀ jù. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀, ìbò pọ̀ níhìn-ín, ìjókòó pọ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n fi ìjókòó mẹ́rin kún 31. Ó di 35 sí 34.

Ìjókòó ẹyọ kan! Ìdajì ìlú ni kò dìbò fún wọn. Ìdajì yẹn ló sì kún inú ibi iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, inú ọ́fíìsì ìjọba, inú ọlọ́pàá pàápàá. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lé ènìyàn, ta ni yóò kù nílé? Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí kò tẹ́ ẹni tí wọ́n sun ilé rẹ̀ lọ́rùn. Kò tẹ́ èmi náà lọ́rùn tán. Ṣùgbọ́n ìlú kò jó.

* * *

Àbúrò kan yà wá sí ọ̀nà mìíràn, ó ní èdè wo ni wọ́n fi ń ṣẹjọ́ níbẹ̀. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí ju gbogbo ìyókù lọ.

Èdè Málítà ni. Ọmọ ìyá èdè Lárúbáwá ni, tí wọ́n ń fi ábídí bíi tiwa kọ, tí ọ̀rọ̀ Ítálì sì pọ̀ nínú rẹ̀ bí ata nínú ọbẹ̀. Lọ́yà ni wọ́n ń pè ní "avukat". Èdè Ítálì ni wọ́n ń sọ ní kóòtù tẹ́lẹ̀, títí di ọdún 1934 tí wọ́n fi gbé èdè Málítà sípò rẹ̀. Ẹ ronú ohun tó túmọ̀ sí. Kó tó dìgbà yẹn, apẹja lè dúró nínú àpótí ẹjọ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ayé rẹ̀ lórí rẹ̀, kí ó má gbọ́ ọ. Nígbà tí de Marco ń rojọ́, bó ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni ìyá olùjẹ́jọ́ tó jókòó lẹ́yìn ń gbọ́ ọ. Ẹjọ́ tó bá wúwo, ará ìlú mẹ́sàn-án ni wọ́n ń kó jọ láti sọ bóyá ó jẹ̀bi, ó kéré tán ohùn mẹ́fà gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan. Lọ́yà tí kò bá mọ èdè ọjà kò lè yí àwọn mẹ́sàn-án yẹn lọ́kàn padà. Mo ti rí àwọn lọ́yà wa tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì àrà rojọ́ nígbà tí oníbàárà wọn ń wo òkè àjà. Ó máa ń dùn mí.

Mo lọ sí ìta kóòtù wọn ní Valletta lẹ́ẹ̀kan, ní títì tí wọ́n ń pè ní Triq ir-Repubblika. Ilé ńlá olópòó gàgàrà ni, òkúta rẹ̀ ní àwọ̀ oyin. Lọ́yà kan dúró lórí àtẹ̀gùn, aṣọ dúdú rẹ̀ wà ní apá òsì, obìnrin kan di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ó ń sọkún, ó ń sọ̀rọ̀, kò jẹ́ kó lọ. Lọ́yà yẹn kò wo aago. Mo rí i, nítorí ọwọ́ tí obìnrin náà dì mú ni aago wà.

* * *

A ti yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ ká padà. Ẹnìkan ní lọ́yà erékùṣù kékeré, kí ló lè ṣe ní òde àgbáyé.

Ní 1990 wọ́n gbé e lọ sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún náà, òun ló gbé ìwé Málítà lọ sí Brussels pé àwọn fẹ́ wọ Àwùjọ Yúróòpù, èyí tó di Ìṣọ̀kan Yúróòpù lẹ́yìn náà, ó sì fi lé Gianni De Michelis, mínísítà Ítálì, lọ́wọ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n yàn án ní alága ìpàdé gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìkarùndínláàádọ́ta irú rẹ̀. Ẹ mọ ẹni tó gbé àga náà fún un? Ọmọ Nàìjíríà ni: Joseph Garba, ọ̀gágun ọmọ Langtang ní ìpínlẹ̀ Plateau, tó ti ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún wa láyé Múrítàlá àti Ọbásanjọ́. Ọmọ wa dìde, ọmọ Málítà jókòó. Nígbà tí mo sọ èyí fún bàbá tí mò ń tọ́jú, ó ní irọ́ ni. Mo wá a lórí fóònù fi hàn án.

Irọ́ ni ti ẹni tó ní àga yẹn kò ní iṣẹ́ nínú. Irak ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Kùwéètì ní oṣù kẹjọ, ogun ń bọ̀. De Marco kò jókòó sí New York kó máa lu tábìlì nìkan. Ó lọ sí àgọ́ àwọn ará Palẹ́sínì tí wọ́n lé kúrò nílé, ó bá Kòríà méjèèjì sọ̀rọ̀. Oṣù kẹsàn-án 1991 ni wọ́n gba Kòríà méjèèjì wọlé sí Àjọ náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. N ò ní òun nìkan ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé iṣẹ́ lọ́yà ọjọ́sí náà ni: ó lọ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn níbi tó wà, ó gbọ́ tẹnu rẹ̀, kó tó sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹnikẹ́ni.

* * *

"Ṣé wọ́n gbà wọ́n sí Yúróòpù?" Ó pẹ́ o. Ní 1996 ẹgbẹ́ Labour padà wọlé, Alfred Sant tó di olórí ìjọba da omi tútù sí ìwé náà. Ọdún méjì péré ló lò. Dom Mintoff, bàbá ẹgbẹ́ Labour fúnra rẹ̀, ló dìde nílé aṣòfin tó dìbò tako ìjọba ẹgbẹ́ ara rẹ̀, lórí ilẹ̀ etí òkun agbègbè Bormla níbi tí mo gbé. Sant pe ìdìbò ní 1998, ó sì fìdí rẹmi. De Marco padà sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n jí ìwé náà dìde. Ní 1999 ó di ààrẹ. Ọjọ́ 8 oṣù kẹta 2003, ará ìlú dìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdá 53 àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2004. De Marco ti fi àga sílẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin. Ó gbé ìwé náà lọ ní 1990, ó dúró tì í fún ọdún mẹ́rìnlá, ó sì ku ọjọ́ 27 kí ilẹ̀kùn ṣí.

Ẹni tó gbé àga fún rèé: Eddie Fenech Adami, ẹni tó borí rẹ̀ ní 1977 nígbà tí ẹgbẹ́ ń wá olórí tuntun. Láti ọjọ́ náà, igbákejì rẹ̀ ló ń jẹ́, ọdún méjìlélógún. Kò dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kò lọ bá àwọn ọ̀tá. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sá láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́ lọ́dọ̀ wa tí wọ́n bá ti pàdánù ìdìbò abẹ́lé, kí ẹ sọ fún mi bóyá ọkùnrin yìí kò yẹ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀.

* * *

Ọ̀rẹ́ olùbéèrè wa ti wọlé fúnra rẹ̀. Káàbọ̀, àbúrò. Ó ní òun gbà nípa ẹni kan yìí, ṣùgbọ́n aṣòfin tó tún ń gba ẹjọ́ rò, ṣé kò ní ta ìlú fún oníbàárà rẹ̀?

O gbá a mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ilé aṣòfin Málítà kì í ṣe iṣẹ́ àṣejẹun tán. Púpọ̀ nínú wọn ń ṣe lọ́yà tàbí dókítà lọ́sàn-án, wọ́n ń ṣòfin lálẹ́. Kìkì ẹni tó bá di mínísítà ló ń ti ọ́fíìsì rẹ̀ pa. N ò fẹ́ràn ètò yẹn. Ẹni tó ń kọ òfin ní ìrọ̀lẹ́, tó ń wá ihò inú rẹ̀ fún oníbàárà ní àárọ̀, ìdánwò ńlá ni fún un, ìdánwò yẹn kò sì yẹ ẹ̀dá. Bí a bá fẹ́ lọ́yà bíi de Marco níhìn-ín, kó ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa lọ́jọ́ tó bá wọlé ìdìbò, kì í ṣe lọ́jọ́ tó bá di mínísítà.

* * *

Ẹni tó ní kí n sọ ìgbà tó kú: ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 2010 ni. Mo wà níbẹ̀. Ọmọ Labour pọ́ńbélé ni bàbá tí mò ń tọ́jú ní Bormla, àwòrán Mintoff ló wà lókè ibùsùn rẹ̀, kò sì jẹ́ kí n nù ún, ó ní n óò fọ́ ọ. Ooru mú lọ́jọ́ náà, a ṣí gbogbo fèrèsé. Ìròyìn dé, ó ní kí n yí tẹlifíṣọ̀n sókè. Ó ṣí fìlà kúrò lórí, ó gbé e lé eékún.

Mo bi í pé ṣebí ọ̀tá yín nìyí. Ó ní nígbà tí àwọn wà lọ́dọ̀ọ́, bí ọlọ́pàá bá mú ọmọ ilé kan lóru, yálà ti Labour ni tàbí ti òdìkejì, orúkọ lọ́yà bíi mẹ́ta ló wà lẹ́nu gbogbo ìyá ní àdúgbò, tirẹ̀ sì wà nínú ẹ. Ó dákẹ́ títí wọ́n fi kúrò lórí rẹ̀, wọ́n bọ́ sórí bọ́ọ̀lù. Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó ní kí n lọ gbé ọbẹ̀ kaná.